Ṣé a ó wá máa pe obì ní oògùn olóró ni?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Àbá mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lórí bí a ó ṣe máa fi Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ tí ọtí, tábà àti obì ń ṣe lára: pé kí a pe gbogbo wọn ní oògùn olóró, pé kí "bárakú" dúró fún ohunkóhun tí ènìyàn kò bá lè fi sílẹ̀ mọ́, àti pé kí a máa pe mẹtanọ́ọ̀lù, májèlé kan tó jọ ọtí, ní "ọtí igi". Mi ò fara mọ́ ìkankan nínú wọn bí wọ́n ṣe wà yìí. Èyí tó kẹ́yìn ló ń bà mí lẹ́rù jù, òun ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó mú "ọtí igi" wá ní ara igi tí wọ́n sun ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí mẹtanọ́ọ̀lù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Òkìtìpupa pé kí ni ọtí igi, ẹmu ni yóò nawọ́ sí, tàbí ògùrọ̀. Orúkọ tó bá ń mú májèlé jọ ẹmu létí, kò yẹ kó wọ ìwé rárá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ènìyàn ṣàdédé ń kú: orí á fọ́ wọn, ojú wọn á ṣókùnkùn, wọ́n á dákú. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú, àwọn kan ní oògùn apako ni. Ìgbà tí èsì àyẹ̀wò jáde la tó gbọ́ pé mẹtanọ́ọ̀lù ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára rèé. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ mẹtanọ́ọ̀lù di nǹkan mìíràn, títí tí yóò fi di irú ásíìdì tó wà nínú oró èèrà, ásíìdì yìí ló sì ń kọ lu iṣan tó gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ náà, òun kan náà ló ń tú ẹtanọ́ọ̀lù, ìyẹn ọtí tí gbogbo wa mọ̀, ká, ẹtanọ́ọ̀lù ló sì máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn bí méjèèjì bá jọ wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí dókítà fi lè fún ẹni tó mu mẹtanọ́ọ̀lù ní ẹtanọ́ọ̀lù tí wọ́n wọ̀n dáadáa, bí fomẹ́písóòlù, oògùn tó ń dí ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́, kò bá sí nítòsí, kí mẹtanọ́ọ̀lù lè ráyè jáde lára láìtíì di oró. Ẹ wá fi orúkọ tí wọ́n dábàá kọ ọ́: "ọtí ni wọ́n fi ń wo ọtí." Ọ̀mùtí wo ni kò ní fi ìyẹn ṣe àwíjàre? Èmi ní kí "ọtí" jẹ́ ti ẹtanọ́ọ̀lù nìkan, kí mẹtanọ́ọ̀lù máa jẹ́ mẹtanọ́ọ̀lù, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé sì pè é ní májèlé.

Ó wá ku oògùn olóró. Kokéènì, igbó àti ẹgbẹ́ wọn ni àwọn oníròyìn ń pè bẹ́ẹ̀. Torí wọn ni ìjọba ṣe dá àjọ NDLEA sílẹ̀ lọ́dún 1989. Kaféènì sì wà nínú obì àbàtà, ó wà nínú gbànja tí àwọn ará Àgẹ́gẹ́ fi kọ́lé. Bí òun náà bá ti di oògùn olóró, kí wọ́n kúkú wá kó gbogbo wa níbi ìkómọ. Mo mọ ohun tí ẹni tó dá àbá yìí rí: oró ni kaféènì àti nikotíìnì inú tábà lóòótọ́ fún kòkòrò tó bá fẹ́ jẹ ewéko tó ní wọn. Àwa kì í ṣe kòkòrò. Ohun tó pa ọtí, tábà àti obì pọ̀ fún ènìyàn ni pé wọ́n ń yí iyè padà, nítorí náà "èròjà ayíyèpadà" tó fún wọn.

Lórí iṣẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ìṣe wa ti sọ púpọ̀. A ní ọtí ń pa ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí: ọtí kì í ru ọpọlọ sókè, ó ń ti ohun tó ń mú ọpọlọ rọlẹ̀ lẹ́yìn ni, ó sì ń dí èyí tó ń ta á jí lọ́wọ́. Ẹni tó gun tábìlì tó ń jó, ìtìjú rẹ̀ ni ọtí kọ́kọ́ pa. "Obì ń lé oorun" ni mi ò gbà. Láti ìgbà tí a bá ti jí ni èròjà kan tó ń jẹ́ adẹnosíìnì ti ń gbára jọ nínú ọpọlọ, tí ó ń mú ojú wúwo. Kaféènì kì í lé e. Àga tí adẹnosíìnì ń jókòó lé nínú ọpọlọ ni kaféènì lọ gbà. Adẹnosíìnì wà lórí ìdúró, ó sì ń pọ̀ sí i, títí tí kaféènì yóò fi dìde. Nítorí náà kàkà ká pè é ní "aléoorun", "asúnoorun-síwájú" ló sún mọ́ òótọ́. Ó gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún awakọ̀ òru.

"Bárakú" dára, ẹ má jẹ́ ká fi ṣòfò. Ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ń ba òun jẹ́ tí kò sì lè dáwọ́ dúró, òun ló di bárakú fún. Ẹni tó ń mu kọfí ní àràárọ̀, tí orí wá ń fọ́ ọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní ààwẹ̀ Ramadan, kò tíì débẹ̀. Ara rẹ̀ kàn gbára lé e ni. "Ìgbáralé" ni kí a pe ìyẹn. Kí ìgò kan má ràn ọ́ mọ́ àfi méjì, "ìmọ́ra" nìyẹn. Ohun tí ara ń ṣe nígbà tí kò bá rí i mọ́, mo dábàá "ìbéèrè ara". Ti kọfí kò ju orí fífọ́ àti ìkanra lọ, ọjọ́ díẹ̀ ló ń gbà. Ti ọtí lè fa gìrì, ó sì lè pa ọ̀mùtí tó ṣàdédé jáwọ́ láìsí dókítà nítòsí, ìyẹn ni mi ò ṣe fẹ́ kí a da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan.

Ẹnìkan tún sọ pé kí a pe nikotíìnì ní "oró tábà". Orúkọ Jean Nicot, aṣojú ọba Faransé ní Pọtogí, tó fi tábà ránṣẹ́ sí ààfin ní nǹkan bí ọdún 1560, ló wà nínú nikotíìnì. Kò sí ohun tí a fẹ́ tú níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, èéfín àti ọ̀dà inú rẹ̀ ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Èéfín náà ló tún ń mú kí ẹ̀dọ̀ amusìgá tú kaféènì ká kíákíá ju ti ẹlòmíràn lọ, débi pé ẹni tó bá jáwọ́ nínú sìgá tí kò dín kọfí kù, àyà rẹ̀ lè máa já. Iṣẹ́ nikotíìnì ni pé kò ní jẹ́ kí ọwọ́ fi sìgá sílẹ̀: láàárín ogún ìṣẹ́jú-àáyá tí a bá fà á, ó ti dé ọpọlọ. Òun kan náà ni wọ́n sì ń fi sínú ṣingọ́ọ̀mù àti bébà alẹ̀mọ́ra fún ẹni tó fẹ́ jáwọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá wá ní "ẹ jẹ́ kí n lẹ oró tábà mọ́ yín lápá," ta ni yóò na apá sí i?