Ṣé “kíláàsì” ni àbí “sẹ́ẹ̀tì”? Lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún yunifásítì Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹnìkan tó ń túmọ̀ ìròyìn bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé, kì í ṣe ti ẹlẹ́sẹ̀) béèrè ohun tí a ó pe “recruiting class”, ìyẹn àwọn ọmọ girama tí yunifásítì kan kó jọ lọ́dún kan láti wá gbá bọ́ọ̀lù fún un, wọ́n sì dá a lóhùn pé “kíláàsì ìgbanisíṣẹ́”. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká gbé e bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ka “kíláàsì ìgbanisíṣẹ́ Alabama” á rò pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń wáṣẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí. Lóòótọ́, láti oṣù Keje 2025, lẹ́yìn tí adájọ́ fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House, ẹjọ́ tí àwọn eléré ìdárayá pe NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ilé ẹ̀kọ́ lè pín owó fún wọn tààrà, àmọ́ àdéhùn yẹn kò sọ wọ́n di òṣìṣẹ́.

Ní ti “class”, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tó ti mọ́ wa lẹ́nu: sẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnìkan bá ní “sẹ́ẹ̀tì 98 ni wá”, ọdún tí wọ́n jáde ní girama ló ń sọ, kì í ṣe ọdún tí wọ́n wọlé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni tiwọn. Ẹni tó jáde ní high school ní 2025 ni ọmọ sẹ́ẹ̀tì 2025. Ibẹ̀ ni atúmọ̀ ti máa ń ṣìnà: á kọ “àwọn tó gboyè jáde ní 2025”, òǹkàwé á rò pé wọ́n ti parí yunifásítì, nígbà tí wọn ò tíì wọ̀ ọ́. Kódà ẹni tó tètè parí girama ní oṣù Kejìlá 2024, tó wọlé ní oṣù Kìíní kí ó lè bá wọn ṣe ìgbáradì ìgbà ìrúwé, sẹ́ẹ̀tì 2025 náà ni. “Ọ̀wọ́” tí ẹlòmíràn dábàá dára, ṣùgbọ́n kò ní ọdún nínú. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀wọ́ sílẹ̀ fún àwọn aṣípòwá, ìyẹn àwọn tó ti yunifásítì mìíràn wá, torí pé ọ̀tọ̀ ni ìròyìn máa ń kà wọ́n.

“Recruiting” fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ yóò kọ “ìgbàwọlé”, àmọ́ ìparí ọ̀rọ̀ ni ìgbàwọlé. Wàhálà tó ṣáájú rẹ̀ là ń wí: kóòṣì á wo fídíò ọmọ, á lọ wò ó nílé ìwé rẹ̀, á bá ìyá rẹ̀ jókòó ní pálọ̀, ilé ẹ̀kọ́ á san owó ọkọ̀ kí ọmọ náà wá lo bí ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ wọn. Ètò ìgbéyàwó pọ́ńbélé ni. Ìfojúsóde ni ti kóòṣì tó ń wo fídíò. Ìtọrọ ni “offer”, ìyẹn bí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí ọmọ máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Bí ọmọ bá ní “ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀”, ó ti ṣíhùn nìyẹn. Ìṣíhùn bá “commit” mu ju “ìfarajìn” lọ. “Ó fara jìn fún Georgia” dún bí ẹni tó fẹ́ di fadá. Ìṣíhùn sì sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà: ohùn ẹnu lásán ni, kò de ẹnikẹ́ni.

Ìwé ló ń dè wọ́n. Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì ni ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé láyé àtijọ́; ní 2017 wọ́n fi ti oṣù Kejìlá kún un, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ jù ń tọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí. Kí atúmọ̀ ṣọ́ra níbí: ìwé tí wọ́n ń pè ní “National Letter of Intent”, tó ti wà láti 1964, kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2024. Ìwé àdéhùn owó ẹ̀kọ́, ìyẹn “scholarship” tí ilé ẹ̀kọ́ ń fún ọmọ, ló rọ́pò rẹ̀.

Láti ara ìṣíhùn la ti máa rí “flip”: ó yíhùn. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó gbayì jù ni Travis Hunter, ọmọ tí wọ́n tò sí ipò kìíní ní sẹ́ẹ̀tì 2022. Láti 2020 ló ti ṣíhùn fún Florida State. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2021, lọ́jọ́ ìtọwọ́bọ̀wé gan-an, ó yíhùn sí Jackson State, lọ́dọ̀ Deion Sanders tó jẹ́ kóòṣì ibẹ̀ nígbà náà. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó pàdánù á ní “ó dalẹ̀”. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ọmọdé tó mú fìlà ilé ẹ̀kọ́ kan lórí tábìlì tó fi ti ìyókù sílẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kéde ibi tí wọ́n yàn, kò ṣe ohun tó tó bẹ́ẹ̀.

“Decommit” yàtọ̀ sí ìyẹn. Quinn Ewers ṣíhùn fún Texas ní oṣù Kẹjọ 2020, ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ ní oṣù Kẹwàá, kò sì ní ẹgbẹ́ kankan títí di oṣù Kọkànlá tó ṣíhùn fún Ohio State. Ẹni tó yíhùn kò sinmi láàárín. Ẹni tó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ padà sójú ọjà. Ewers kan náà fo ọdún kan láti sẹ́ẹ̀tì 2022 bọ́ sí 2021, nígbà tó sì di ìparí ọdún yẹn, ó ti padà sí Texas. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, aṣípòwá ni.

“Redshirt”, ìyẹn kí ọmọ jókòó lọ́dún kan kí ọdún náà má bàa kà mọ́ ọn lọ́rùn, kò gbọdọ̀ di “ẹlẹ́wù pupa” o. Kò sí ẹ̀wù níbẹ̀ mọ́. Lábẹ́ òfin tó wà ní 2025, ọdún mẹ́rin ni ọmọ ní láti gbá bọ́ọ̀lù láàárín ọdún márùn-ún. Bó bá jókòó sí ọ̀kan, kò gbé. Òfin 2018 tilẹ̀ ní ó lè wọ máàṣì mẹ́rin lọ́dún tó jókòó. Bó bá wọ ìkarùn-ún, ọdún ti lọ. “Ó fi ọdún pamọ́” ti tó.

*

Àbúrò mi, o ṣeun. Mo gba sẹ́ẹ̀tì, mo gba yíhùn. Ìtọrọ ni mi ò gbà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọbìnrin á kọ́kọ́ ṣíhùn kí ẹbí tó wá tọrọ rẹ̀. Tìrẹ ti dorí kodò. Èkejì, ẹbí ló ń tọrọ ìyàwó, pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀, nílé kan ṣoṣo. Ilé ẹ̀kọ́ kan lè fi “offer” ránṣẹ́ sí ọmọ tó ju ọgọ́rùn-ún lọ nítorí àyè bíi 25. Ọmọ mìíràn á tilẹ̀ gbà tán, kóòṣì á ní “ẹ ní sùúrù ná”, torí pé àwọn tó fẹ́ jù ní ipò yẹn kò tíì dáhùn. Ìtọrọ wo nìyẹn? “Ìnawọ́” ni kí o lò. Ó nawọ́ sí i.

Bákan náà, o gbàgbé “walk-on”, ẹni tó wá láìsí owó ẹ̀kọ́. Mo dábàá “adáwá”.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ẹ ti mú mi níbi ìtọrọ. Àmọ́ ìnawọ́ máa dá ìjà sílẹ̀: bí oníròyìn bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, bí wọ́n ti sábà máa ń ṣe, “ìnáwó” ni gbogbo ayé á kà, ẹgbẹ́ tó fi “offer” ránṣẹ́ á sì di ẹgbẹ́ tó ń ṣe òde. Ẹ jẹ́ ká mú “fi ọ̀rọ̀ lọ̀”: Texas fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, kò tíì ṣíhùn. Èèyàn lè fi ọ̀rọ̀ lọ ọgọ́rùn-ún ènìyàn láìdọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Adáwá dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àdáwà wà nítòsí rẹ̀. Ó tún bọ́ sákòókò. Tẹ́lẹ̀, ọmọ 85 ló lè gba owó ẹ̀kọ́, adáwá ló ń kún ìyókù, ẹgbẹ́ mìíràn sì ń kó ju 120 lọ. Láti 2025, ẹgbẹ́ tó bá wọ inú àdéhùn House kò gbọdọ̀ ju 105 lọ lápapọ̀, gbogbo 105 ló sì lè gba owó ẹ̀kọ́. Àwọn adáwá ni òfin náà kọ́kọ́ lé jáde.

Ó ku “portal”, tí ẹnìkan fẹ́ kí á pè ní “ẹnubodè”. Mi ò rò ó. Ẹnubodè, fúnra ẹni là ń gbà á kọjá. Orúkọ ni wọ́n ń kọ sínú èyí: ọmọ á sọ fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé òun fẹ́ kúrò, ilé ẹ̀kọ́ sì ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì láti fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ kí àwọn kóòṣì mìíràn lè pè é. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo èsì JAMB rí ti mọ pọ́tálì. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.