Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tírélà, kí ló ń mú yín dúró lọ́dọ̀ ọ̀gá?

Ọmọ Bàbá Onítírélà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa ọkọ̀ ńlá tàbí tí ọkọ yín ń wà á. Bàbá mi ló ni tírélà mẹ́rin tó ń kó ẹrù láti Àpápá lọ sí Òkè Ọya, àgbà ti dé sí wọn, èmi ni mò ń bójú tó o báyìí láti Ṣágámù níbí. Mi ò di sítíárì tírélà mú rí láyé mi o, ìṣirò owó ni mo kà níwèé. Wàhálà mi ni pé àwọn dírẹ́bà kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ́. Nígbà tí bàbá mi ń ṣe é fúnra wọn, ẹnì kan wà tó bá wọn ṣiṣẹ́ títí orí ẹ̀ fi funfun, ṣùgbọ́n ní báyìí ẹni tó bá pẹ́ jù ló ń lo ọdún kan, ó di kó gbé kọ́kọ́rọ́ fún mọ́tò-bọ́ì pé kó bá òun fún mi, tàbí kó ní ìyá òun ń ṣàìsàn nílé, mi ò sì ní gbúròó ẹ̀ mọ́. Owó oṣù wa ò kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wa, mo tún fi kún un lọ́dún tó kọjá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ló ń kó àwọn tó mọṣẹ́ lọ, èmi ò sì lówó tó tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni dírẹ́bà gidi máa ń wò kó tó sọ pé ọ̀dọ̀ ẹni yìí ni màá dúró sí? Ẹ má wojú mi o, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Dírẹ́bà Ògèrè:
Àǹtí, ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè, ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í béèrè, wọ́n á kàn ní dírẹ́bà ò nírònú. Owó ọ̀nà yín ńkọ́? Owó oṣù kọ́ ló ń lé wa lọ o, ìyàwó ilé ló ń gba ìyẹn lọ́wọ́ wa. Owó ọ̀nà lọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹ̀ la ti ń fi kún dísẹ́lì, nínú ẹ̀ la ti ń jẹun, fọkanáísà wà níbẹ̀, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ìpínlẹ̀ tá a bá wọ̀ báyìí wọ́n á ju pákó tí wọ́n kan ìṣó mọ́ sójú títì, o sanwó tàbí kí táyà ọ̀gá ẹ lu. Tí owó yẹn ò bá tó, ta lẹ rò pé ó máa fi kún un? Àpò dírẹ́bà ni. Tí àpò dírẹ́bà bá gbẹ, á kó èrò sórí ẹrù, á tú dísẹ́lì tà lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́ ọ lólè jíjà yẹn.

Ọmọ Bàbá Onítírélà:
Ẹ ṣé, sà. Iye kan náà là ń fún wọn tí wọ́n bá ń lọ Kánò. Tó bá ṣẹ́kù, tiwọn ni, mi ò kì í béèrè.

Dírẹ́bà Ògèrè:
Ó ṣẹ́kù kẹ̀! Àǹtí mi, lọ́dún 2021 dísẹ́lì ò tíì tó 300 náírà lítà kan, látìgbà wo ló ti kọjá 1,000? Ọ̀nà gan-an ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, tá a bá ti kọjá Ìlọrin, Jẹ́bà, Mókwá, a máa gba Tẹ́gínà já sí Bírnín Gwárì wọ Kàdúná ni. Ta ló fẹ́ gba ibẹ̀ báyìí pẹ̀lú àwọn ajínigbé? Bídà la máa ń yà gbà, Lápáì, Lámbátà, títí dé Sùlèjá, ọ̀nà yẹn sì máa ń gbé ọkọ̀ ṣubú. Dísẹ́lì tí ọkọ̀ ń mu níbẹ̀ pọ̀. Ẹ wá ń fún wa lówó ọ̀nà tí ò sí mọ́.

Tèmi Yọ̀ 001:
Mo jókòó síbí o, ẹ máa bá a lọ.

Ìyàwó Dírẹ́bà:
Kí n má purọ́, ohun témi ń fẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá ọkọ mi ò ju pé kó máa gbé fóònù lọ. Ẹ̀yin onítírélà, tí ọkọ̀ yín bá ń lọ dáadáa ẹ̀yin lẹ máa ń pè pé níbo lo dé, kí lò ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀, ṣùgbọ́n kó kàn bàjẹ́ lóru inú igbó ẹ máa wo bí fóònù ṣe máa kú. Ọkọ mi sùn sábẹ́ ọkọ̀ nítòsí Jẹ́bà nígbà kan tí gíá bàjẹ́, kò lè fi ẹrù sílẹ̀ torí tí wọ́n bá jí i òun náà ni wọ́n máa mú pẹ̀lú àwọn tó ṣe onídùúró fún un, èmi tí mò ń ta ẹ̀wà nílé ni mò ń fowó oúnjẹ ránṣẹ́ sí i nídìí POS, ọ̀gá ní òun ń ṣe mítìn. Ṣé mítìn ọ̀sẹ̀ kan ni? Ìgbà tó padà délé ló ní òun ò ṣe mọ́. Owó oṣù ibẹ̀ ju ti ibi tó wà báyìí lọ o, ẹ gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun yìí á pe mẹkáníìkì fúnra ẹ̀, á ní kó gbé ọ̀kadà lọ bá a, á tún pe èmi náà pé kí n má fòyà.

Àlàájì Ọlọ́kọ̀ Mẹ́fà:
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀gá ni ọ̀tá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tiwa náà. Mo ra táyà tuntun méjì sẹ́yìn ọkọ̀, dírẹ́bà gbé e lọ Kánò, ó fi tókunbọ̀ dé. Mo bi í, ó ní báyìí ni mo ṣe fún òun. Bátìrì tuntun ńkọ́, ó ti di ògbólógbòó kó tó dé Ìbàdàn. Táǹkì kún nígbà tó ń lọ, kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó fi ní dísẹ́lì tán. Ọmọbìnrin, má jẹ́ kí wọ́n fọ̀rọ̀ àánú tàn ọ́ jẹ. Témi bá ti rí i pé nǹkan sọnù, mo máa yọ ọ́ lára owó oṣù pátápátá ni, ẹni tí ò bá wù kó máa lọ.

Agbanisíṣẹ́:
Àlàájì, ẹ rọra o. Labour Act, òfin iṣẹ́ tiwa ní Nàìjíríà, ìpín karùn-ún, ní ọ̀gá ò gbọdọ̀ yọ owó nítorí ohun tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù àfi tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé àìbìkítà ẹ̀ ló fà á, kí ọ̀gá sì ti kọ́kọ́ gbàṣẹ nínú ìwé lọ́wọ́ labour officer, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ máa yọ lóṣù kan, kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù ọ̀hún lọ. Ẹ tún gbọ́dọ̀ fún un níwèé àdéhùn kó tó pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Àti NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin ọdún 2010 ní náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tẹ́ ẹ̀ ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ lẹ máa dá síbẹ̀, tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa tọ́jú ẹ̀. Àǹtí tó béèrè, èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ mú ní pàtàkì, torí kò pọ̀ rárá, dírẹ́bà tó bá sì mọ̀ pé ó wà, ọkàn ẹ̀ á balẹ̀.

Àlàájì Ọlọ́kọ̀ Mẹ́fà:
Òfin inú ìwé nìyẹn. Labour officer wo ló ń jókòó sí páàkì Ògèrè?

Dírẹ́bà Ògèrè:
Àlàájì, ẹ ò parọ́ o, olè wà nínú wa, mo mọ àwọn kan tó jẹ́ pé táyà lowó oṣù wọn. Ṣùgbọ́n táyà ní nọ́ńbà lára. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ń lọ, kí dírẹ́bà sáìn, tó bá dé kẹ́ ẹ tún wò ó. Dírẹ́bà gidi kì í bínú sí ìyẹn, ohun tó ń dùn wá ni kí táyà tó ti jẹ tán kó lu lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ wá ní ká sanwó ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ rà á bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn ní Texas:
Níbí táwa wà yìí náà àwọn dírẹ́bà ń sá kúrò ní kọ́ńpìnì o, ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni. Wákàtí mọ́kànlá lòfin ní ká fi wakọ̀, láàárín wákàtí mẹ́rìnlá látìgbà tá a bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tá a bá sì ti wa mẹ́jọ a gbọ́dọ̀ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀rọ inú ọkọ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀ látòpin ọdún 2017, kò rọrùn láti parọ́ sí i. Kí ló wá ń bí wọn nínú? Ìdúró ni! Máìlì ni wọ́n fi ń sanwó fún ọ̀pọ̀ wa, tó o bá jókòó sílé ìkẹ́rù látàárọ̀ dalẹ́ o ò jèrè nǹkan kan, ìdí nìyẹn tá a fi máa ń béèrè ná pé ṣé kọ́ńpìnì yẹn ń sanwó ìdúró. Èmi náà ti ṣe mọ́tò-bọ́ì ní Àpápá kí n tó wá síbí, nígbà tí ìlà máa ń tò láti Tin Can títí dé Mile 2, lórí bíríìjì la ti ń sùn, la ti ń wẹ̀. Wọ́n gbé Ètò dé lọ́dún 2021, ìyẹn ìlànà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń pe tírélà wọ èbúté, ó ní kí ọkọ̀ dúró sí páàkì títí wọ́n á fi pè é, ó dáa, ṣùgbọ́n ta ló ń bọ́ dírẹ́bà ní páàkì? Àǹtí, ẹ fún wọn lówó oúnjẹ ọjọ́ tí wọn ò rìn. Kékeré ni lójú yín.

Sísì Ẹ̀kọ́:
Ẹ ṣe AC sínú ọkọ̀ fún wọn jàre, oòrùn Òkè Ọya yẹn ti dá wọn lóró tó.

Ọ̀rẹ́ Road Safety:
Ohun kan ṣẹ́kù tẹ́nì kankan ò sọ. Dírẹ́bà fẹ́ ọ̀gá tó máa gbọ́ tóun bá ní ọkọ̀ yìí ò ṣe é gbé jáde. Ẹ rántí Ojúẹlẹ́gbà, ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀nténà já bọ́ lórí bíríìjì lu bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú. Twist lock mẹ́rin ló yẹ kó di kọ̀nténà mú, kí gbogbo ẹ̀ wọlé dáadáa, àìmọye ọkọ̀ ló sì wà nígboro tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi so ó. Dírẹ́bà mọ̀, á sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá á ní ṣé ìwọ nìkan lò ń gbé kọ̀nténà ni, àwọn yòókù ò lọ? Tó bá wá já, dírẹ́bà ni wọ́n á kọ́kọ́ mú, tí àwọn ará àdúgbò ò bá tíì lù ú pa. Bákan náà ni bíréèkì. Mo mọ ọ̀gá kan tó fún mẹkáníìkì ẹ̀ láṣẹ pé tí dírẹ́bà bá ti ní bíréèkì ò dáa, kó gba kọ́kọ́rọ́, kó má tíì pe òun. Wọn kì í fi ọ̀dọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń tò síbẹ̀ ni.

Ọmọ Bàbá Onítírélà:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ẹ ṣé gan-an, àti Àlàájì náà. Mo lọ bi bàbá mi ní yàrá wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí dírẹ́bà àwọn bá dé láti Kánò, àwọn kì í jẹ́ kó lọ sílé ná, àwọn á jókòó tì í, á máa ka ibi tó náwó sí lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n bá jọ ṣírò ni wọ́n fi ń pinnu owó ọ̀nà ìrìn tó kàn. Mi ò mọ̀ rárá pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, ìwé tí mo bá níbẹ̀, iye kan ni wọ́n kọ sí i. Àwọn méjì ń bọ̀ láti Òkè Ọya lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ni màá fi bẹ̀rẹ̀. NSITF náà, mo ti ń wá ọ́fíìsì wọn.

Dírẹ́bà Ògèrè:
Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n dé láyọ̀. Kò tíì tán o. Mọ́tò-bọ́ì ńkọ́, ta ló ń san tiẹ̀?

Ọmọ Bàbá Onítírélà:
Dírẹ́bà ló ń san án, sà. Nínú owó oṣù ẹ̀.

Dírẹ́bà Ògèrè:
Háà! Àǹtí, ẹ bọ́ sí inbox.