MBA ni kí n ṣe ni, àbí M.Sc. Finance?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ ẹ wà nídìí iṣẹ́ owó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ẹnjiníà tó ń ṣe ọ̀nà àti afárá ni mí, ọdún keje mi rèé ní sáìtì. Oòrùn ti pa mí tó. Iṣẹ́ tó wá ń wù mí báyìí ni ti àwọn tó ń jókòó sí báńkì, tí wọ́n ń ṣírò bóyá owó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ máa padà wọlé.

MBA alákòókò kíkún (oyè kejì nínú ìṣàkóso okòwò) ti Lagos Business School l'Ájá wù mí nítorí àwọn èèyàn tí màá bá pàdé, àmọ́ mo ní láti fiṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ méjì sì wà nílé. M.Sc. Finance ti UNILAG ò ní gbówó tó bẹ́ẹ̀, ìṣirò owó gan-an ló sì dá lé. Ọ̀gá mi kan ní kí n gbàgbé méjèèjì, kí n ṣe CFA, ìwé ẹ̀rí àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò ìdókòwò, ìdánwò ìpele mẹ́ta péré, kí n máa kàwé lóru. Òru wo? Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mò ń tó wọlé!

Ìyàwó mi ní ohun tó bá wù mí ni kí n ṣe, kí n ṣáà má jẹ gbèsè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ẹnjiníà síṣẹ́ rí, kí lẹ kọ́kọ́ ń wò lára rẹ̀? Ṣé ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ṣì lè bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kówó oṣù rẹ̀ má sì já wálẹ̀ jù?