Oníbodè ni ká pè é, kì í ṣe ayọjú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tí a máa fún nǹkan tó máa ń ṣàdédé bo ojú fóònù nínú áàpù, tó máa bi èèyàn bóyá kí òun pa nǹkan rẹ́ tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Àwọn kan ní ká pè é ní ayọjú, àwọn kan ní àpótí ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì. Àgbádárìgì ni mo wà, mo ń ṣe áàpù ìwé gbèsè fún àwọn tó ń ta àgbọn ní ọjà Agbálátà, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára.

Ayọjú dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọjú sí wa kò dá iṣẹ́ wa dúró. Èyí tí à ń wí yìí, bó bá ti dé, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣú, a ò sì ní lè tẹ ohunkóhun níbẹ̀ àfi bí a bá dá a lóhùn. Ayọjú ò tún jìnnà sí ayọjúràn, ẹni tí èèyàn máa ń fẹ́ kó tètè kúrò níwájú òun.

Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì ní tiẹ̀, inú eré orí ìtàgé la ti mọ̀ ọ́n, níbi tí ẹni méjì ti ń fèsì fún ara wọn. Fóònù kì í bá wa fọ̀rọ̀ wérọ̀. Ó béèrè, ó sì dúró. Síbẹ̀ èsì tó wà nínú orúkọ yẹn ni kókó ọ̀rọ̀. Àwọn tó ṣáájú wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, orúkọ tó wú mi lórí gan-an. Ọmọ ìyá rédíò ni gbólóhùn kékeré tó máa ń hàn nísàlẹ̀ ojú fóònù, "A ti fi í pamọ́", tó sì máa pòórá fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ fìrí ni mo ń pe ìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí òun àti èyí tó ń gba èsì jẹ́ orúkọ kan náà.

Èyí tó ń gba èsì, oníbodè ni. Láyé àtijọ́, oníṣòwò kì í wọ ìlú láìdá oníbodè lóhùn, kó sì san owó ibodè. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kú lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, nítorí Sẹ̀mẹ̀ kò jìnnà, ojoojúmọ́ ni bodè ń bẹ lẹ́nu wa. Ẹni tó bá ní èèyàn ni oníbodè, kì í ṣe ẹ̀rọ, kó rántí amúlétutù àti agbóhùnsílẹ̀. Bí èèyàn la ṣe sọ wọ́n lórúkọ.

Orúkọ yìí á kọ́ ẹni tó ń kọ kóòdù lọ́gbọ́n. Oníbodè méjì kì í da ìbéèrè bo èrò kan lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ìkejì dúró sẹ́yìn títí èkíní á fi gba èsì tirẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kó jáde. Láti Android 13, ní 2022, áàpù gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́. Láti Android 11, ní 2020, bí èèyàn bá sì ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti fún áàpù ní àṣẹ kan, fóònù kò ní gbé ìbéèrè àṣẹ yẹn jáde mọ́. Áàpù tó bá ń béèrè gbogbo nǹkan kí oníǹkan tó mọ ohun tó ń lò ó fún, ara rẹ̀ ló ń tilẹ̀kùn mọ́.

Bọ́tìnì ló dùn mí jù. Àǹtí mi kan tó ń ta àgbọn ló bá mi dán áàpù náà wò. Ọwọ́ wọn ṣèèṣì kan ibi ìparẹ́, ìbéèrè jáde: "Ṣé ó dá yín lójú?" Bọ́tìnì méjì ló wà níbẹ̀, "Ó dáa" àti "Fagi lé e". Wọ́n tẹ "Ó dáa". Gbèsè oṣù kan lọ ráúráú. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe tẹ 'Fagi lé e'?" Wọ́n wò mí. "Ṣé kí n wá fagi lé owó tí wọ́n jẹ mí ni?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lójú ọlọ́jà, gbèsè la máa ń fagi lé. Èmi ni mo gbé e síbi tí kò yẹ. Ẹ ṣọ́ra fún "Bẹ́ẹ̀ ni" náà: bí ìbéèrè bá jẹ́ "Ṣé ẹ ò fẹ́ ẹ mọ́ ni?", ẹni tó dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni" ń sọ pé òun ò fẹ́ ẹ mọ́.

Níwájú oníbodè, èèyàn lè kọjá, ó sì lè padà. Nítorí náà, ohun tí mo kọ síbẹ̀ báyìí ni: "Ṣé ẹ fẹ́ pa gbèsè yìí rẹ́?" Bọ́tìnì rẹ̀ ni "Pa á rẹ́" àti "Padà". Mo fi "ẹ" ọ̀wọ̀ sínú ìbéèrè nítorí pé fóònù ló ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Mo yọ ọ́ kúrò lára bọ́tìnì nítorí pé àgbà ló ń pàṣẹ fún fóònù.