Kẹ̀kẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́: báwo la ṣe máa múra?

Ẹ kú iṣẹ́ o. A fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ọ̀yọ́, bí 50 kìlómítà, láti fi kówó jọ fún ọmọ aláìlóbìí. Kí ló yẹ ká yẹ̀ wò?

Ìdáhùn 1: Bíréèkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fún táyà ní atẹ́gùn dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí i lára. Bí kò bá kún, kòtò á fún túúbù mọ́ irin, á sì lu ihò méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú túúbù 2 àti pọ́ǹpù dání.

Ìdáhùn 2: Omi ńkọ́? Ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀, kí òùngbẹ tó gbẹ yín.

Ìdáhùn 3: Ẹ jọ̀ọ́, tírélà ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún jù. Atẹ́gùn rẹ̀ lè ti kẹ̀kẹ́ kúrò lọ́nà. Ẹ tò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dé akoto, ẹ má sì rìn lóru.