Mo fẹ́ ra fẹ́sípà àtijọ́ nílẹ̀ òkèèrè, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OmoAlajo: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè òkun ni mo wà, mo wá rí fẹ́sípà kan tí wọ́n ní 1962 ni wọ́n ṣe é, ọ̀dà ara ẹ̀ ń dán bíi dígí, ìjókòó ẹ̀ tuntun, ẹni tó ń tà á ní òun tún un ṣe látòkè délẹ̀. Ojú mi ti wọ̀ ọ́, kí n má purọ́. Àmọ́ orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀, ó ní ọ̀rẹ́ òun ló ni ín, pé kò sí wàhálà. Mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ́ńjìnnì, èdè ibí gan-an mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Baba_Kiiki: Àbúrò, dídán yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀ ló ti Vietnam wá, kì í ṣe gbogbo wọn ló burú o, àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n á gé férémù méjì tó ti jẹrà, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á fi bọ́dì fílà, ìyẹn ohun rírọ̀ tó ń le bí irin tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, dí i, ó ku ọ̀dà. Mo ti ra ọ̀kan rí. Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tẹ bíréèkì tí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé ya, mo wá ń wo títì láàárín ẹsẹ̀ mi. Mú òòfà kékeré dání, fi aṣọ wẹ́ẹ́ wé e, máa fi kàn án lára. Irin ni Piaggio, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fẹ́sípà, fi ń ṣe ara ẹ̀ láti 1946, àyàfi orí ọwọ́ tá a fi ń darí ẹ̀, ibi tí òòfà bá ti já, fílà ló wà níbẹ̀.

Iya_Elero: Èmi, ìwé yẹn ló ká mi lára. Kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ yọjú fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń yí orúkọ ọkọ̀ padà, kówó ẹ wà lápò títí wọ́n á fi lu òǹtẹ̀. Kọ́kọ́ béèrè bóyá irú físà tó o ní lè jẹ́ kí ọkọ̀ wà lórúkọ ẹ. Wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára férémù àti ẹ́ńjìnnì dáadáa: tí ti férémù bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VBB1T, ti ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú VBB1M. T yẹn ni telaio, bí àwọn Ítálì ṣe ń pe férémù, M ni motore. Iye tó tẹ̀ lé e lè yàtọ̀, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tí ojú ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà férémù sí bá rí gbágungbàgun, dìde ńlẹ̀ jàre.

Baba_Kiiki: Kó má ṣíná sí ẹ́ńjìnnì kó o tó dé o! Fọwọ́ kàn án, tó bá ti gbóná, ó ní nǹkan tó ń fi pamọ́. Two-stroke, irú ẹ́ńjìnnì fẹ́sípà àtijọ́ tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, máa ń yọ èéfín lóòótọ́, àmọ́ tí èéfín funfun ò bá dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ síìlì ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ló ti jẹ tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọ́ìlì jíà mu. Síìlì ò wọ́n, títú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ni iṣẹ́.

OmoAlajo: Mo débẹ̀ lónìí. Òòfà já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta níbi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ọ̀dà ti bo nọ́ńbà férémù, mo ní kó jẹ́ kí n fi èékánná ha á, ó fàáké kọ́rí. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò wá. Ẹlòmíì ń ta fẹ́sípà irú PX ọdún 1981, ọ̀dà ẹ̀ ti ṣá, ó ti dípẹtà létí, àmọ́ orúkọ ẹ̀ ló wà lórí ìwé. Sátidé ni mò ń lọ, mo ti sọ fún un kó má ṣíná sí i kí n tó dé.