Ṣé ojú ewé gígùn ń lé oníbàárà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds: Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àǹtí mi ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣe àríyá níbí, èmi ni mò ń bá wọn ṣe wẹ́bsáìtì. Ẹnì kan ní kí n gé e sí ojú ewé kéékèèké, pé èèyàn kì í fà á dé ìsàlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Ẹ̀gbọ́n Houston: Àbúrò, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Lọ́dún 1994, Jakob Nielsen, tó ń ṣèwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń lo wẹ́bù, rí i pé ìdá 10 péré nínú 100 ló ń fà á kọjá ohun tó kọ́kọ́ hàn. Nígbà tó fi di 1997, òun fúnra rẹ̀ ti yí ohùn padà. Ta ló wá ń lo fóònù lónìí tí kò mọ̀ ọ́n fà?

Òkè ṣì lágbára ṣá o. Èsì tí ilé-iṣẹ́ Nielsen yìí kan náà gbé jáde ní 2018 fi hàn pé ìdá 57 nínú 100 àkókò tí èèyàn fi ń wo ojú ewé, orí apá tó kọ́kọ́ hàn ni wọ́n ti ń lò ó. Ìdá 80 ni ní 2010. Nítorí náà, irú oúnjẹ, àwọn ìlú tí ẹ ń gbé e dé àti bọ́tìnnì WhatsApp, òkè ni kí wọ́n wà. Ẹ má jẹ́ kí fọ́tò ìrẹsì kan ṣoṣo gba gbogbo ojú fóònù: èèyàn á rò pé ó ti tán síbẹ̀. Kí orí ohun tó kàn máa yọ díẹ̀ nísàlẹ̀.

Oúnjẹ àti iye owó, ojú ewé kan náà ni kí ẹ kó wọn sí. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìkómọ fẹ́ fi owó ẹran wé ti ẹja láìdúró de ojú ewé mìíràn. Ẹ kàn to líǹkì sókè, kí ó máa gbé wọn fò lọ síbi ọbẹ̀, síbi ìrẹsì.

Ìyá Ìbejì, Dublin: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ti fọ́tò tí kì í tán yẹn! Mo ń wá àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀, bí mo bá ti fẹ́ débẹ̀ báyìí, fọ́tò mìíràn á tún já wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Houston: Bọ́tìnnì “Ẹ wo sí i” ló dáa níbẹ̀. Ẹ sì fi loading="lazy", kóòdù tó ń jẹ́ kí fọ́tò dúró di ìgbà tí èèyàn bá sún mọ́ ọn kó tó wọlé, sí àwọn fọ́tò ìsàlẹ̀, kó má baà jẹ dátà ẹni tí kò débẹ̀. Ẹ má fi sí tòkè, á pẹ́ kó tó yọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Leeds: Ẹ ṣé gan-an. Àǹtí mi ní fọ́tò àwọn nínú gèlè ló gbọ́dọ̀ wà lókè pátápátá o.

Ìyá Ìbejì, Dublin: Ẹ fi í síbẹ̀, kó má ṣáà ju ìdajì ojú fóònù lọ. Gèlè nìkan á ti gba ìyẹn tán.